Àtòrì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Gé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ, ẹ wá ibi jókòó sí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà rẹ́fólúsíọ̀nù, nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, mi ò sì ní kánjú. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ṣe fún wa nígbà náà ni mo ti kọ́ a, b, d. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fò ó kọjá.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọyẹ́ eré o! Eruku funfun bo gbogbo ilẹ̀ débi pé mi ò rí igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé mi, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ ogún ni sí i. Oòrùn yọ, kò lágbára, ó dà bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Ètè gbogbo èèyàn ló bẹ́. Afẹ́fẹ́ náà gbẹ, ó mú, irú èyí tí àwa obìnrin tó ń ṣe gbodo máa ń gbàdúrà fún. Ẹ mọ gbodo, àbí? Iṣu tí a bẹ, tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí a wá sá sórí àpáta kó gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Nínú ọyẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò sá iṣu láàárọ̀ yẹn. Ìpàdé ni mò ń lọ. Ẹnì kan sì wà ní ìpàdé náà tí mo fẹ́ kó jẹ ìyà.

Ẹ ní kí ló fi ṣe mí? Mò ń bọ̀.

Orúkọ ọmọ mi obìnrin ni Ràfátù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Lábúlé wa, lẹ́bàá Alafiarou, àṣà kan wà tí gbogbo wa ń tẹ̀lé. Bí o bá mú ọmọ lọ sí lékọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé-ìwé, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o kì í lọ lọ́wọ́ òfìfo. Wàá gbé iṣu mẹ́ta dání fún mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́, wàá sì mú pàṣán kan tí ìwọ fúnra rẹ gé. Bí o bá ti gbé e lé e lọ́wọ́, wàá sọ fún un pé: "Ẹran tìrẹ, egungun tèmi." Ìyẹn ni pé, na ọmọ yìí bó ṣe wù ọ́, ṣáà má ṣẹ́ egungun rẹ̀. Àwọn bàbá wa ló ń sọ ọ́ fún àwọn Áfáà nílé kéwú. Nígbà tí lékọ́ọ̀lù dé, a gbé e lọ síbẹ̀ náà.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Igi àtòrì kan wà lẹ́yìn ilé mi. Mo wá ẹ̀ka tó tọ́ jù, èyí tó ń rọ̀ tí kì í ṣẹ́. Mo bó èèpo rẹ̀. Mo fi òrí pa á kó má baà là. Ẹ ò rí mi bí! Mo fi òrí pa pàṣán tí wọ́n máa fi na ọmọ mi, inú mi sì ń dùn! Mẹ́tìrì gbà á, ó jù ú nínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dún fììì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá Ràfátù mọ igi í gé.

Mẹ́tìrì Selestẹ́ẹ̀nì là ń pè é. Apá gúúsù ló ti wá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọ ọwọ́, torí ẹfun ìkọ̀wé nìkan ló ń mú. Àwọn ọmọ wa ló ń kọ ebè fún un, àwọn ni wọ́n ń pọn omi rẹ̀. Àwa obìnrin ló ń gún iyán rẹ̀, ẹnì kan lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Mo ti gún un fún un láìmọye ìgbà.

Ó ní òfin kan nípa pàṣán. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, mẹ́ta ni lójú àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ á na ọwọ́, òun á máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fa ọwọ́ sẹ́yìn pẹ́rẹ́, gbogbo èyí tó ti gbà ti wọmi. Á ní: "Láti ení." Ọmọ mìíràn á wọlé fún mẹ́ta, á gba mẹ́wàá jáde.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ yẹn, èmi ni mo dá Ràfátù dúró. Mo fẹ́ kó bá mi sá gbodo sórí àpáta kí oòrùn tó lọ sókè. Mo ní, ṣe kíá, wàá sáré wọlé. Ó sáré wọlé lóòótọ́, èmi sì gba ilé lọ. Ó bá wọn tí wọ́n ti ń kọ orin. Mẹ́tìrì ní kó na ọwọ́.

Ẹ mọ bí ọwọ́ ọmọdé ṣe máa ń rí nínú ọyẹ́? Ó ti bẹ́ yánnayànna kí pàṣán tó bà á. Ràfátù fa ọwọ́. "Láti ení." Ó tún fà á. "Láti ení." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi pé nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì sí abíyá, ó ń bẹ̀ ẹ́. Inú bí mẹ́tìrì, ó ju pàṣán sílẹ̀, ó wá fi ọwọ́ gbá a létí òsì. Ó gbá a débi pé ọmọ náà ṣubú lu bẹ́ńṣì.

Ẹ̀jẹ̀ ló bá dé ilé. Ẹ̀jẹ̀ láti inú etí! Mo ní kí ló ṣe ọ́, ó ní "Màámá, kí lẹ wí?" Mo tún un sọ, ó ní "Kí lẹ wí?" Ìgbà tó yí etí kejì sí mi ló tó dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ̀ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a gbé e lọ sí díspáńsẹ̀ ní Tchaourou. Mò ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì wò ó pẹ́ títí, ó fọ̀ ọ́, ó ní awọ inú rẹ̀ ti ya, pé etí yẹn kò ní gbọ́ràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán.

Èmi kì í pariwo. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá mẹ́tìrì nílé rẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí. Bí ó bá bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbọ́, bóyá ni ìtàn yìí ì bá wà.

Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní, ṣebí èmi ni mo gbé pàṣán fún òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, ṣebí èmi ni mo sọ pé ẹran tòun, egungun tèmi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Ìyá, ṣé egungun kankan ṣẹ́?"

Mo ní kó máa gbádùn, mo kọjá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mò ń gún iyán, mò ń gbọ́ ọ. Mò ń kírun, mò ń gbọ́ ọ. Ṣé egungun kankan ṣẹ́?

Bàbá Ràfátù ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ní, iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá a gbé ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Délégé wa ló gbà á, ìyẹn ẹni tí rẹ́fólúsíọ̀nù fi ṣe olórí abúlé. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé àwọn tó ń ṣòfin lókè lọ́hùn-ún ń jiyàn bóyá kí wọ́n fi òfin de nínà ọmọ, nílé àti ní lékọ́ọ̀lù. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Wọ́n wá ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan pàdé, kí wọ́n sọ tẹnu wọn, kí ìwé ìdáhùn bá ọkọ̀ ojú irin lọ láti Tchaourou.

Òfin de pàṣán! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Rárá o. Mo ní, há, bí wọ́n bá gbé pàṣán kúrò lónìí, kí ni mo máa fi gbẹ̀san lọ́la?

Bó ṣe di pé Ọjọ́rú yẹn, nínú ọyẹ́, mo wé gèlè mi, mo sì lọ.

Inú kíláàsì la ti pàdé, torí òun nìkan ló ní òrùlé tó tóbi. Wọn ò kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ò lọ sílé. Ojú wọn kún gbogbo fèrèsé. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú, eékún wọn kan àgbọ̀n. Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn. Mẹ́tìrì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Délégé bí ọkọ ìyàwó.

Délégé kígbe rẹ́fólúsíọ̀nù bí wọ́n ti máa ń fi ṣí ìpàdé, a dáhùn pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Ó ka ìwé náà, ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí kamarádì, bí a ti ń pe ara wa nígbà náà, tó bá ní ọ̀rọ̀ dìde.

Bàbá Sùlé ló kọ́kọ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ni olórí àwọn òbí. Ohùn rẹ̀ ń lọ dé oko.

"Ta ló ní kí wọ́n má na ọmọ? Ọmọ tí wọn ò bá nà, olè ni! Wọ́n nà mí, mo di èèyàn. Pàṣán mẹ́ta, kí ni pàṣán mẹ́ta? Bí ìgbà tí eṣinṣin bà léni lọ́wọ́ ni!"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn ní tí a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Mo ní nínú mi pé, ọwọ́ wo ló fa tèmi mọ́ra?

Mẹ́tìrì náà dìde. Ó kọ́kọ́ sọ ti Faransé tí a ò gbọ́, ó wá bọ́ sórí Nàgó. Ó ní rẹ́fólúsíọ̀nù kò fẹ́ ọ̀lẹ. Ó ní pàṣán dà bí òkúta ìpọ́nbẹ, pé ọ̀bẹ kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ òkúta, ṣùgbọ́n òkúta ló mú kó mú. Ó ní àti pé kì í dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ariwo ni àwọn ọmọ fẹ́ràn.

Délégé ní ó dáa, ẹni tó bá fẹ́ kí pàṣán ṣì máa wà, kó na ọwọ́.

Mo na ọwọ́.

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Délégé ní, "Ìyá Ràfátù, ìwọ náà?"

Mo ní: "Rárá, kamarádì Délégé. Ọ̀rọ̀ ni mo ní. Kí ìbò yín dúró díẹ̀."

Mo jáde síwájú, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Sùlé, mo kí gbogbo wọn. Mo ní mi ò mọ̀wé, mi ò mọ òfin, ọbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó bá se ọbẹ̀, kó tó bù ú fún àlejò, á tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin fẹ́ bu pàṣán fún àwọn ọmọ wa títí ayé. Ta ló tọ́ ọ wò nínú yín láti ọdún tí ẹ ti dàgbà? Bí òfin bá sì wá gbé e lọ lónìí, a ò tún ní rí i tọ́ wò mọ́. Ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò ká tó dìbò.

Ẹnì kan ní, "Ta ló fẹ́ tọ́ ọ?"

Mo ní: "Èmi. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé e. Kó kọ́kọ́ bà mí."

Mẹ́tìrì ní òun kò lè na ìyá. Mo ní ó ti na ọmọ ìyá náà, kí ló kù? Àwọn obìnrin kọ hàà lẹ́yìn. Ó rí i pé wọ́n ń wo òun, ó lọ mú pàṣán lára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Àtòrì mi! Ó ṣì ń dán. Òrí mi wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ tó ti ń mú ọmọ odó láti ọmọ ọdún méje, awọ rẹ̀ ti di ti ẹran. Mi ò mi ọwọ́ yẹn rárá. Mo ní: "Ẹ ṣé, mẹ́tìrì."

Lẹ́yìn náà mo yí sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní eṣinṣin ni. Ẹ jẹ́ kí eṣinṣin náà bà lé yín lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ rí i."

Ẹ̀rín! Kí ni ọkùnrin á ṣe? Obìnrin ti gbà á, àwọn ọmọ ń wò. Bàbá Sùlé ká apá agbádá rẹ̀, ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gba owó orí.

Mẹ́tìrì fi pàṣán kàn án fẹ́rẹ́.

Ni àwọn ọmọ ojú fèrèsé bá fi igbe ta: "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń nà wá o!" Ọmọbìnrin kékeré kan tilẹ̀ ń fi hàn wá, ó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn orí. "Báyìí ni, Bàbá! Báyìí ló ń ṣe!"

Inú bí Bàbá Sùlé. Ó ní: "Nà mí bí ọkùnrin! Àbí o rò pé obìnrin ni mí—" Ó wò mí, ó pa ẹnu dé.

Mẹ́tìrì dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Fììì!

"Yéè! Ìyá mi o!"

Ọwọ́ ti wọ abíyá. Àgbàlagbà! Gbogbo fèrèsé sì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà: "Láti ení! Láti ení!"

Ẹ̀yin èèyàn, bẹ́ńṣì méjì ló dànù nítorí ẹ̀rín. Délégé ń fi ìwé ìjọba bo ẹnu. Bàbá Sùlé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ ojú fèrèsé. Méjì nínú wọn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ó yíjú sí mẹ́tìrì, ohùn rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀:

"Ṣé bó o ṣe ń nà wọ́n lójoojúmọ́ nìyí?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó já pàṣán gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ku ẹnì kan tí kò tíì tọ́ ọbẹ̀ wò."

Ẹ gbọ́, ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Mi ò sì ní láti bèèrè. Àgbà ilé ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fún mi.

Mẹ́tìrì fẹ́ kọ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun, wọn kì í na òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹnì kan nínú àwọn ọkùnrin ní: "Kamarádì, ṣebí ìwọ lo kọ́ wa pé gbogbo wa dọ́gba?" Délégé họ orí, ó ní bọ̀n, ó dáa, ní ti ìyẹn, òótọ́ ni, a dọ́gba.

Mẹ́tìrì na ọwọ́. Ẹ rí àtẹ́lẹwọ́! Ó funfun, ó rọ̀. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí Ràfátù. Etí ọ̀tún ló kọ sí wa.

Mi ò kánjú. Mo fi ìka pa àtòrì náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí mo ṣe pa á lọ́jọ́ tí mo fi òrí sí i. Mo ní: "Mẹ́tìrì, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó."

Ení.

Omi lé sójú rẹ̀. Mo gbé e sókè fún èjì, kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fa ọwọ́. Mo retí kí àwọn ọmọ kígbe. Wọn ò kígbe. Èmi ni mo sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Láti ení."

Ení. Ó tún fà á. "Láti ení."

Délégé ní, "Ìyá Ràfátù, ó tó báyìí." Mo ní kò tíì pé mẹ́ta, kamarádì, òfin mẹ́tìrì ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú kó má baà sá. Ení. Èjì. Ẹ̀ta.

Mo gbé pàṣán sábẹ́ apá. Mo sún mọ́ ọn, mo bi í kí gbogbo ilé gbọ́:

"Mẹ́tìrì, ṣé egungun kankan ṣẹ́?"

Ó mi orí. Ó ní rárá.

Mo ní: "Hẹ̀n. Ẹran nìyẹn."

Ṣé ó dùn mọ́ mi? Ó dùn! Ẹ má retí kí n sọ fún yín pé ẹ̀san kò dùn. Ó dùn bí iyán iṣu tuntun. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà sí ààyè mi, mo rí i pé mi ò tíì yó. Ọwọ́ tó wú á sọ̀ lọ́la. Etí ńkọ́?

Délégé ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n fi òfin de pàṣán na ọwọ́. Ọwọ́ Bàbá Sùlé ló kọ́kọ́ lọ sókè, ó pupa. Gbogbo bẹ́ńṣì tẹ̀lé e. Mẹ́tìrì náà na ọwọ́, tòsì ló nà. Délégé kọ ọ́ sílẹ̀ pé abúlé wa fọwọ́ sí i láìku ẹnì kan. Ìwé náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Jímọ̀. Títí mo fi ń kọ èyí, a ò gbọ́ èsì rẹ̀. Bóyá eku ló jẹ ẹ́, mi ò mọ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi sọ fún mi pé èèyàn ṣì ń jiyàn lórí rédíò bóyá kí wọ́n na ọmọ tàbí kí wọ́n má nà án. Mo ní ẹ má jiyàn. Kí ẹni tó bá fẹ́ pàṣán na ọwọ́ rẹ̀ ná. Kí ìyá tó ń gé pàṣán fún ẹlòmíràn sì rántí pé òun kọ́ ló máa dì í mú nígbà tí inú bá bí onítọ̀hún. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo dá ọmọ dúró lórí àpáta. Mo mọ ìpín tèmi nínú rẹ̀, mo sì ti gba mẹ́ta tèmi láìfa ọwọ́.

Àwọn kan máa sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Ràfátù ti ní ọmọ márùn-ún báyìí. Bí ọmọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lápá òsì, kò mọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò tíì dárí jì í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló nà yín tí ara yín ṣì mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ bá a wí, àbí ẹ gbé e mì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Bọ̀n. Ọjọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ìwé lásán la kọ. Òfin ò tíì sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, inú kíláàsì ku mẹ́tìrì àti àwọn ọmọ, ìlẹ̀kùn á tì. Nítorí náà, mo jí, mo kírun, mo bọ iṣu agbọ̀n kan. Mo gbé e rù, pẹ̀lú iṣu tútù tí mi ò tíì bẹ, mo di Ràfátù lọ́wọ́ mú, a lọ sí lékọ́ọ̀lù pa pọ̀.

Mẹ́tìrì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi aṣọ di ọwọ́. Mo kí i. Mo ní etí òsì ọmọ yìí ti kú, kó fi í sí iwájú pátápátá, lẹ́bàá ògiri ọwọ́ òsì, kí etí tó kù lè kọ sí i. Ó fi í síbẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ rántí àpáta tí mo sọ? Iwájú lékọ́ọ̀lù gan-an ló wà. Kí wọ́n tó kọ́ lékọ́ọ̀lù ni àwọn ìyá wa ti ń sá gbodo níbẹ̀. Kò sí délégé tó lè lé obìnrin kúrò lórí rẹ̀. Mo sá iṣu mi. Mo jókòó sórí àpótí, mo kọjú sí ìlẹ̀kùn kíláàsì. Mo mú ọ̀bẹ mi, mo pọ́n ọn lórí òkúta, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Mẹ́tìrì gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, mẹ́tìrì. Òkúta yìí dáa púpọ̀, ọ̀bẹ mi ti mú." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu.

Àtòrì wà lórí itan mi.

Ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá sá iṣu, ewúrẹ́ á wá. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi lé wọn. Ìgbàkígbà tí mẹ́tìrì bá gbé ohùn sókè sí àwọn ọmọ, ewúrẹ́ kan á dé, màá gbé àtòrì, fììì! Ohùn rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá gbé ọwọ́ tó dì yẹn sókè, ewúrẹ́ mìíràn á tún dé. Fììì! Mo rí i tó ń fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, tó ń gbé e lọ sí abíyá, láìmọ̀. Inú kíláàsì, lẹ́bàá ògiri ọwọ́ òsì, ọmọ mi ń kàwé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láti àárọ̀ títí wọ́n fi tú.

Ewúrẹ́ kankan ò sì wá lọ́jọ́ náà.